Igbà, Agbè àti Ìṣubú: Ojú tí Òwe àti Ìtàn-àròsọ fi Wo Adẹ́mu

1. Ìfáàrà

Kò sí olùkọ́ Yorùbá tí kò tíì kọ ọ̀rọ̀ márùn-ún wọ̀nyí sí ojú pátákó rí: igba, igbá, ìgbá, ìgbà àti igbà. Ìdí tí a fi ń kọ wọ́n ni láti fi han akẹ́kọ̀ọ́ pé ohùn lásán tó láti ya ọ̀rọ̀ kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì nínú èdè wa. Akẹ́kọ̀ọ́ mọ igba nítorí pé ó ń kọ́ òǹkà; ó mọ igbá nítorí pé ó wà ní ilé ìdáná ìyá rẹ̀; ó mọ ìgbá nítorí pé ó ń jẹ ẹ́; ó mọ ìgbà nítorí pé agogo ilé-ìwé ń lù. Bí ó bá wá kan igbà, ohun tí ó máa ń kọ ni ‘okùn tí a fi ń gun ọ̀pẹ’, a ó sì fún un ní màákì rẹ̀. Bí a bá tún bi í léèrè pé kí ni a fi ń ṣe okùn náà, apá ibo ní ara ni ó ń gbà kọjá, àti ìgbà wo ni ó ń di ènìyàn mú, ìgbà wo ni kò dì í mú, ọ̀rọ̀ tán nìyẹn. Ó mọ àmì ohùn igbà. Kò mọ igbà.

Ọ̀rọ̀ tí a ní í sọ nínú àpilẹ̀kọ yìí kò ju ẹyọ kan lọ. Òun ni pé ibi tí ènìyàn bá dúró sí ni ó ń sọ ohun tí yóò rí lára ẹni tí ó wà lórí ọ̀pẹ. Àwọn tí ó ṣẹ̀dá òwe wa nípa ọ̀pẹ gígùn mọ iṣẹ́ náà láti òkè wá. Ìtàn-àròsọ tí ó gbajúmọ̀ jù lọ nípa adẹ́mu dúró nísàlẹ̀ ní tirẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbè, ó ń retí ẹmu. Àwa olùkọ́ àti olùyẹ̀wéwò náà, ìsàlẹ̀ ni a dúró sí, a sì ti fa òwe pàápàá sọ̀kalẹ̀ wá bá ara wa. Kí a lè rí àríyànjiyàn yìí dáadáa, ó yẹ kí a kọ́kọ́ wo iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, kí a tó wá wo ohun tí òwe àti ìtàn fi ṣe.

2. Iṣẹ́ náà àti irin-iṣẹ́ rẹ̀

Oríṣi iṣẹ́ méjì ni ó ń gbé ènìyàn dé orí ọ̀pẹ nílẹ̀ Yorùbá. Èkíní ni ti akọpẹ, ẹni tí ń gé ìdì ẹyìn sílẹ̀ fún àwọn tí yóò fi ṣe epo. Èkejì ni ti adẹ́mu. Ẹlòmíràn a máa ṣe méjèèjì pọ̀. Ògùrọ̀ ní igi tirẹ̀, èyí tí ó fẹ́ràn irà àti etídò. Ṣùgbọ́n orí ọ̀pẹ ni ẹmu ti ń wá, ọ̀pẹ ni a ó sì gbájú mọ́ níhìn-ín.

Igbà ni olórí irin-iṣẹ́. Okùn nínípọn ni. Níbòmíràn ìtàkùn líle inú igbó ni a fi ń ṣe é, níbòmíràn awọ ara imọ̀ ọ̀pẹ ni a bó, tí a sì lọ́ pọ̀ títí tí yóò fi le. Lóde òní àwọn mìíràn a máa fi okùn ọ̀rá tàbí wáyà kún un. Ẹni tí ń gùn yóò fi igbà yí ara ọ̀pẹ àti ẹ̀yìn ara rẹ̀ ká, yóò so ó pọ̀ di òrùka ńlá kan tí òun àti igi jọ wà nínú rẹ̀. Bí ó bá fara ti igbà sẹ́yìn, tí ó fi àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ ara ọ̀pẹ, okùn yóò le, yóò sì gbé e dúró. Ẹsẹ̀ yóò gòkè ní ìṣísẹ̀ kan tàbí méjì. Lẹ́yìn èyí ni yóò sún àyà mọ́ igi. Okùn yóò dẹ̀. Yóò fi ọwọ́ méjèèjì ju okùn náà sókè. Yóò tún fara tì sẹ́yìn, okùn yóò tún le. Báyìí ni yóò ṣe títí yóò fi dé orí. Kí òǹkàwé fi ìṣísẹ̀ yìí sọ́kàn, nítorí pé a ó padà sí i. Ìgbà méjì ni ó wà nínú gígùn: ìgbà tí okùn le, tí igbà ń di ènìyàn mú, àti ìgbà tí okùn dẹ̀, tí ó jẹ́ pé ènìyàn ni ó ń di igbà mú.

Ní orí ọ̀pẹ, àdá tàbí àáké kékeré ni yóò fi gé imọ̀ tí ó dí i lọ́nà. Adẹ́mu yóò wá òdòdó akọ, yóò fi irin olójú mímú gé e, yóò ki ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó ní ihò nínú bọ̀ ọ́, yóò sì so agbè mọ́ ọn kí omi rẹ̀ lè máa ro sínú rẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì oníke ti gba ipò agbè lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ wọn nísinsìnyí. Omi ọ̀pẹ yìí dùn bí oyin nígbà tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ro, ṣùgbọ́n ìwúkàrà ti wà nínú afẹ́fẹ́ àti nínú agbè tí yóò sọ adùn náà di ọtí láàrin wákàtí díẹ̀. Bí ó bá pẹ́ jù, yóò kan. Ojú ibi tí a gé náà yóò sì dí bí a kò bá fá a lákọ̀tun. Nítorí náà ni adẹ́mu fi ń gun ọ̀pẹ lówùúrọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Kì í ṣe òun ni ó yan àkókò. Ẹmu ni ó yàn án fún un. Bí òjò rọ̀ lóru tí ara ọ̀pẹ ń yọ̀, ẹmu kò ní dúró dè é.

Ọ̀pẹ tí ó dàgbà lè ga tó 20 mítà, òmíràn sì lè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí ó bá já láti ibẹ̀, ìṣẹ́jú-àáyá 2 péré ni yóò fi dé ilẹ̀. Ohun tí ó sì lè já a pọ̀. Igbà lè gbó, ikán tàbí eku lè jẹ ẹ́ níbi tí a fi kọ́ sí. Ìdí imọ̀ tí ó ti rà lè ṣí kúrò lábẹ́ ẹsẹ̀. Oyin tàbí agbọ́n lè wà ní orí ọ̀pẹ, ejò náà sì lè wà níbẹ̀. Ẹni tí agbọ́n bá ta lójú lórí ilẹ̀ yóò sá, ṣùgbọ́n ẹni tí ó wà nínú igbà kò ní ibi tí yóò sá sí. Ẹ̀gún imọ̀ a máa gún ọwọ́. Pàǹtí orí ọ̀pẹ a máa bọ́ sí ojú. Èyí tí ó burú jù nínú gbogbo rẹ̀ ni pé àdá tí a fi ń ṣiṣẹ́ lè ṣèèṣì ba igbà. Àwọn àgbà ní ọ̀bẹ kì í mú kí ó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà rí bẹ́ẹ̀ fún ọ̀bẹ. Ṣùgbọ́n àdá akọpẹ lè mú títí kí ó gé okùn tí ó gbé olówó rẹ̀ dúró.

3. Òwe tí ó mọ iṣẹ́

Pẹ̀lú ìmọ̀ yìí, ẹ jẹ́ kí a wo òwe tí gbogbo wa mọ̀, pé ẹni tí ó gun ọ̀pẹ tí ó já ọwọ́ lórí igbà, ó di èrò ọ̀run. Ìtumọ̀ tí a ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni pé kí ènìyàn má ṣe fi ohun tí ó gbé e ró sílẹ̀. Ìtumọ̀ náà kò burú, ṣùgbọ́n kò kún.

Ẹ wò ó bí òwe náà ti ṣọ́ ọ̀rọ̀ lò. Kò sọ pé ‘bí igbà bá já’. Ọwọ́ ni ó dárúkọ. Nínú èdè wa, ọ̀rọ̀-ìṣe ‘já’ ni a ń lò fún okùn tí ó gé sí méjì, òun náà ni a ń lò fún ọwọ́ tí ó bọ́ kúrò lára ohun tí ó dì mú, òun náà ni a sì ń lò fún ènìyàn tí ó ti òkè ṣubú. Okùn já, ọwọ́ já, ènìyàn já. Òwe lè lo èyíkéyìí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó yan ti àárín, nítorí pé ẹni tí ó ṣẹ̀dá rẹ̀ mọ̀ pé nígbà tí igbà bá le, ọwọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe pàtàkì. Ẹni tí ó fara tì sẹ́yìn lè fi ọwọ́ méjèèjì ṣiṣẹ́. Ìgbà tí okùn bá dẹ̀, tí ènìyàn ń jù ú sókè, nìkan ni ìyè wà lọ́wọ́. Nítorí náà, òwe yìí kò kan ń sọ fún wa pé kí a di ohun tí ó gbé wa ró mú. Ó ń sọ irú àkókò tí ó léwu: kì í ṣe ìgbà tí ènìyàn ti fìdí kalẹ̀ sí ipò kan, bí kò ṣe ìgbà tí ó ń ti ipò kan bọ́ sí èkejì tí ó ga jù ú lọ. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba oyè, ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí kúrò nílé bàbá rẹ̀, ẹni tí ó fi iṣẹ́ kan sílẹ̀ tí kò tíì mú òmíràn, àwọn ni òwe náà ń bá wí gan-an. Ìmọ̀ iṣẹ́ ni ó fún òwe ní ìjìnlẹ̀ yìí. Ẹni tí kò bá mọ igbà kò lè rí i.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ti ẹni tí a ní kí ó má ṣe gun igi kọjá ewé. A ń fi èyí bá onígbéraga wí. Ṣùgbọ́n ìtumọ̀ rẹ̀ gidi ni pé òkè ewé kò ní ohun dídìmú. Ibẹ̀ ni igi parí sí. Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n ni, ẹni tí ó ti dé orí igi rí ni ó sì wọ̀n ọ́n. Ohun kan wà, ṣá o, tí òwe yìí kò sọ. Ó gbà pé ẹni tí ń gùn ni ó pinnu ibi tí òun yóò gùn dé. Bí ó bá jẹ́ pé òùngbẹ ẹlòmíràn ni ó gbé e gun òkè ńkọ́? Ìbéèrè yìí ni ó mú wa dé ọ̀dọ̀ Tutùọlá.

4. Adẹ́mu nínú ìtàn Tutùọlá

Ámọ̀sì Tutùọlá, ọmọ Abẹ́òkúta, tí ó gbé ayé láti 1920 sí 1997, ni ó kọ The Palm-Wine Drinkard, èyí tí ilé-iṣẹ́ Faber and Faber tẹ̀ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1952. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi kọ ọ́, ìtàn Yorùbá ni gbogbo wa kà á sí, ó sì ti wọ orí ìtàgé ní èdè Yorùbá. Àwọn lámèyítọ́ ti sọ̀rọ̀ púpọ̀ nípa ìrìnàjò inú rẹ̀, nípa àwọn ẹbọra rẹ̀ àti nípa irú Gẹ̀ẹ́sì tí ó fi kọ ọ́. Ẹni tí ikú rẹ̀ dá ìrìnàjò náà sílẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ gbà lọ́wọ́ wọn.

Ẹ jẹ́ kí a rántí bí ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀. Bàbá ọ̀mùtí fún un ní oko ọ̀pẹ tí igi inú rẹ̀ jẹ́ 560,000, ó sì gba adẹ́mu kan fún un. Adẹ́mu yìí ń gbé agbè ẹmu 150 wá lówùúrọ̀, ọ̀mùtí a sì ti mu wọ́n tán kí aago méjì ọ̀sán tó lù. A tún gbé 75 wá nírọ̀lẹ́. Oṣù kẹfà lẹ́yìn ikú bàbá náà, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan, adẹ́mu gun ọ̀kan nínú àwọn ọ̀pẹ tí ó ga jù lọ nínú oko, ó já bọ́ láìròtẹ́lẹ̀, ó sì kú sí ìdí ọ̀pẹ. Ibẹ̀ náà ni wọ́n sin ín sí.

Bí a bá bi akẹ́kọ̀ọ́ léèrè nípa 150 àti 75 yìí, yóò dáhùn pé àsọdùn ni. Ó gbà á. Ṣùgbọ́n àsọdùn náà ní òtítọ́ kan nínú: òwúrọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni Tutùọlá pín in sí, bí adẹ́mu gidi ti ń pín in. Òǹkọ̀wé mọ àkókò iṣẹ́ náà. Ohun tí ó yẹ kí a tún bi akẹ́kọ̀ọ́ ni pé, ara ta ni ó ń ru àsọdùn yìí? Ká ní ọ̀pẹ kan ni ó fún un ní agbè kan, kí a sì fún un ní ìṣẹ́jú 5 péré fún gígùn, fífá, títú agbè àti sísọ̀kalẹ̀. Ọ̀pẹ 150 yóò gba ìṣẹ́jú 750, èyí tí í ṣe wákàtí 12 àti ààbọ̀. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́fà òwúrọ̀, aago mẹ́fà àbọ̀ ìrọ̀lẹ́ ni yóò parí ti òwúrọ̀ nìkan, kí a má tíì dárúkọ 75 tí ó kù. A mọ̀ pé ìtàn kò yẹ kí a fi ìṣirò pa. A ṣe ìṣirò yìí kí a lè rí i pé agbè ni òǹkọ̀wé fi ń ka iṣẹ́ náà, kò fi ọ̀pẹ kà á. Ẹni tí ń mu ni ó ń ka agbè. Ẹni tí ń gùn, ọ̀pẹ ni í kà.

Níbi tí a ti kọ́kọ́ gbọ́ nípa ìṣubú náà ni ọ̀rọ̀ yìí ti hàn jù. A gbọ́ nípa ọjọ́, a gbọ́ nípa àkókò, a gbọ́ pé ọ̀pẹ náà ga. A kò gbọ́ nípa igbà. A kò mọ̀ bóyá okùn ni ó já tàbí ọwọ́. ‘Láìròtẹ́lẹ̀’ ni gbogbo ohun tí ìtàn sọ. Láìròtẹ́lẹ̀ lójú ta ni? Lójú ẹni tí ó jókòó sílé tí ó ń retí agbè ni. Kò sí adẹ́mu tí kì í ronú nípa jíjá. Nítorí rẹ̀ ni ó fi ń yẹ igbà wò kí ó tó so ó. Òwe tí a gbé yẹ̀wò ní ìpín kẹta fi ọ̀rọ̀ díẹ̀ sọ bí ènìyàn ṣe ń já. Ìtàn náà ní àyè púpọ̀, kò sì sọ ọ́.

Ti orúkọ náà wà níbẹ̀. Ní gbogbo ọdún tí adẹ́mu fi ṣiṣẹ́, iṣẹ́ rẹ̀ ni a fi ń pè é. Nígbà tí ọ̀mùtí dé Ìlú Àwọn Òkú tí wọ́n bi í léèrè ẹni tí ó ń wá, nígbà náà ni a tó gbọ́ pé Baity ni orúkọ rẹ̀, ọ̀mùtí sì fi kún un pé orúkọ ìgbà ayé rẹ̀ ni, òun kò mọ èyí tí ó ń jẹ́ lẹ́yìn ikú. Ẹni tí ó fi ara rẹ̀ bọ́ òùngbẹ ẹlòmíràn gba orúkọ ní ọjọ́ tí orúkọ náà kò wúlò fún un mọ́. A kò lè sọ pé Tutùọlá mọ̀ọ́mọ̀ ṣe èyí láti fi bu ọ̀mùtí. Ṣùgbọ́n ó wà nínú ìtàn, ó sì bá ayé mu. Ní ọ̀pọ̀ ibi nílẹ̀ wa, àlejò ni ẹni tí ń gun ọ̀pẹ. Ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀ lágbègbè Òkìtìpupa, fún àpẹẹrẹ, àwọn Ùròbò tí ó ṣí wá ṣe iṣẹ́ ọ̀pẹ láti ọjọ́ pípẹ́ ni a mọ̀ mọ́ iṣẹ́ náà. Àlejò rọrùn láti fi iṣẹ́ rẹ̀ pè.

Àwọn àgbà a máa sọ pé omi ni ó dànù, agbè kò fọ́, láti fi tu ẹni tí ó pàdánù nínú pé ohun tí ó ṣe pàtàkì jù ṣì wà. Bí a bá fi òwe yìí wọn ìtàn ọ̀mùtí, a ó rí bí ó ti dojú dé. Adẹ́mu ni agbè, ẹmu ni omi. Agbè ti fọ́ sí ìdí ọ̀pẹ. Omi ni ọ̀mùtí ń sunkún rẹ̀. Nígbà tí ó wá adẹ́mu mìíràn tí yóò tó o, tí kò rí, tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì fi í sílẹ̀, nígbà náà ni ó tó dìde láti wá ẹni tí ó kú. Ìrìnàjò náà gba agbára, ó sì gba ìgboyà. A kò sẹ́ èyí. Ṣùgbọ́n bí ọmọ wa bá kọ ọ́ sínú ìdánwò pé ìfẹ́ tí ọ̀mùtí ní sí adẹ́mu ni ó mú un rin ìrìnàjò náà, a gbọ́dọ̀ bi í léèrè pé kí ó fi ẹ̀rí hàn.

Kọ́lá Ògúnmọ́lá sọ ìtàn yìí di eré orí ìtàgé ní èdè Yorùbá ní Yunifásítì Ìbàdàn ní 1963, wọ́n sì gbé e dé Àlùjíà fún àjọ̀dún àṣà ilẹ̀ Áfíríkà ní 1969. Ohun kan péré ni a fẹ́ tọ́ka sí nípa rẹ̀. Orúkọ tí ará ìlú mọ eré náà sí ni Lánkẹ́ Ọ̀mùtí. Ẹni tí kò ní orúkọ nínú ìwé Tutùọlá ju orúkọ ìnagijẹ ńlá ńlá lọ wá ní orúkọ bíi tiwa, orúkọ rẹ̀ ni a sì kọ sí ojú pátákó ìpolówó. Ọ̀mùtí ni ó ni ìtàn, ó sì tún ni eré.

5. Àtakò kan àti èsì rẹ̀

Ẹlẹgbẹ́ wa kan lè sọ pé a ń béèrè ohun tí kì í ṣe ti ìtàn-àròsọ. Ṣé kí a sọ ìtàn ẹbọra di ìwé iṣẹ́ ọwọ́ ni? Bí òǹkọ̀wé bá dúró sọ bí a ṣe ń lọ́ igbà, ṣé ìtàn yóò tún lè rìn? Àtakò yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ìtàn tí ó fẹ́ yára dé Ìlú Àwọn Òkú kò lè pẹ́ ní ìdí ọ̀pẹ, a kò sì dá Tutùọlá lẹ́bi pé ó yára. Ìṣubú láìsí ìdí bá irú ìtàn rẹ̀ mu, nítorí pé nínú irú ìtàn bẹ́ẹ̀, àyànmọ́ ni ó ń ti nǹkan, kì í ṣe okùn.

Èsì wa ni pé iṣẹ́ òǹkọ̀wé yàtọ̀ sí iṣẹ́ lámèyítọ́. Òǹkọ̀wé lè yan ibi tí yóò dúró sí. Lámèyítọ́ ni ó gbọ́dọ̀ sọ ibi náà fún òǹkàwé. Òwe kúrú ju ìtàn lọ, síbẹ̀ ó rí àyè fún igbà. Nítorí náà kì í ṣe gígùn tàbí kíkúrú ni ó fa ọ̀rọ̀ náà. Ojú tí a fi wo iṣẹ́ ni.

6. Ẹni tí ó já tí kò kú

Ó ku ibi kan tí òwe àti ìtàn ti jọ kùnà. Àwọn méjèèjì mọ ikú nìkan. Ẹni tí ó já ọwọ́ lórí igbà di èrò ọ̀run; adẹ́mu ọ̀mùtí kú sí ìdí ọ̀pẹ. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń já láti orí ọ̀pẹ ni kì í kú. Apá tàbí ẹsẹ̀ wọn a dá, eegun ìbàdí wọn a fọ́. Bí ọ̀pá ẹ̀yìn bá ṣẹ́ tí okùn iṣan inú rẹ̀ sì bàjẹ́, ẹsẹ̀ méjèèjì lè rọ títí láé, ẹni náà lè má mọ ìgbà tí ìtọ̀ ń bọ̀ mọ́, egbò sì lè bá a láti ibi tí ó bá dùbúlẹ̀ sí bí wọn kò bá máa yí i padà déédéé. Ẹni yìí kò sí nínú òwe wa, kò sí nínú ìtàn-àròsọ tí a gbé yẹ̀wò. Kì í ṣe èrò ọ̀run, kì í sì í ṣe èrò oko mọ́. Ilé ni ó wà, ọmọ rẹ̀ sì lè wà ní kíláàsì wa ní àárọ̀ ọjọ́ tí a ń sọ fún wọn pé ẹni tí ó já ọwọ́ lórí igbà ti lọ.

Olùkọ́ tí ń kọ́ òwe yìí ní abúlé kò gbọ́dọ̀ gbójú fo ohun tí ó lè gba ẹ̀mí là. Ẹni tí ó bá já láti òkè, kí a má ṣe gbé e pọ̀n, kí a má ṣe gbé e jókòó sórí alùpùpù, nítorí pé ọ̀pá ẹ̀yìn tí ó ti sán lè tipa bẹ́ẹ̀ gé okùn iṣan tí ó kù. Kí a tẹ́ ẹ gbọọrọ sórí pátákó, kí ẹnì kan di orí àti ọrùn rẹ̀ mú kí wọn má baà mì, kí a sì gbé e báyìí dé ilé-ìwòsàn. Àwọn tí ń to eegun ní ìmọ̀ tiwọn nípa apá àti ẹsẹ̀ tí ó dá. Ọ̀rọ̀ ọ̀pá ẹ̀yìn kọjá títò. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ni èyí gbà láti sọ ní kíláàsì, kò sì ba ẹ̀kọ́ òwe jẹ́. Ó tilẹ̀ ń jẹ́ kí ọmọ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ènìyàn ni a ń sọ.

7. Ohun tí ó kàn wá ní kíláàsì àti nínú ìdánwò

Ohun mẹ́ta ni a rí pé ó yẹ kí a tún ṣe. Èkíní, bí a bá fi igbà kọ́ ohùn, kí a fi igbà hàn. Níbi tí ó bá ti ṣeé ṣe, kí a pe adẹ́mu wá sí ilé-ìwé pẹ̀lú igbà rẹ̀, kí ó so ó mọ́ igi kan lórí ilẹ̀ níbi tí ewu kò sí, kí ó sọ orúkọ irin-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ti ń pè é ní agbègbè náà. Orúkọ wọ̀nyí yàtọ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá lo orúkọ tí wọ́n ń lò nílé rẹ̀ nínú ìdánwò, tí ó sì ṣàlàyé rẹ̀ yé wa, kí olùyẹ̀wéwò má ṣe fi ìyẹn gé màákì rẹ̀.

Èkejì, kí a máa béèrè ìtumọ̀ òwe ní ìpele méjì, kí ìpele kìíní sì ní màákì tirẹ̀. Ìtumọ̀ gidi ni ìpele kìíní: kí ni ń ṣẹlẹ̀, ta ni ó ń ṣe é, irin-iṣẹ́ wo ni ó wà níbẹ̀? Ìlò rẹ̀ láwùjọ ni èkejì. Bí a ti ń ṣe báyìí, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó há ìlò sórí láti inú ìwé àkójọ òwe ń gba gbogbo màákì, èyí tí bàbá rẹ̀ ń gun ọ̀pẹ, tí ó sì mọ ìdí tí òwe fi dárúkọ ọwọ́, kò rí ibi tí yóò kọ ọ́ sí.

Ẹ̀kẹta, kí ìbéèrè lórí ìtàn-àròsọ má ṣe parí sí orúkọ ọnà èdè. Ẹni tí ó bá tọ́ka sí àsọdùn, kí ó tún sọ iṣẹ́ tí àsọdùn náà ń ṣe àti ohun tí ó ń bò mọ́lẹ̀. Ẹni tí ó bá sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀dá-ìtàn, kí ó lè sọ ẹni tí ìtàn fún ní orúkọ àti ẹni tí kò fún, kí ó sì sọ ohun tí ó rò pé ó fà á. Ìbéèrè báyìí nira láti yẹ̀ wò ju èyí tí ìdáhùn rẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ kan lọ, a mọ̀. Ṣùgbọ́n nínú irú rẹ̀ ni olùyẹ̀wéwò ti lè mọ ẹni tí ó ka ìwé yàtọ̀ sí ẹni tí ó ka àlàyé ìwé.

8. Ìkádìí

A ti gbìyànjú láti fi hàn pé òwe nípa ọ̀pẹ gígùn ní ìmọ̀ iṣẹ́ pípé nínú, pé ìtàn ọ̀mùtí mọ àkókò iṣẹ́ náà ṣùgbọ́n kò wo irin-iṣẹ́ rẹ̀ níbi tí ó ti yẹ kí ó wò ó, àti pé méjèèjì kò ní àyè fún ẹni tí ó já tí ó sì wà láàyè. Ìwé Tutùọlá kò tìtorí èyí kéré. Ìwé ńlá tí a kò bá bi léèrè ọ̀rọ̀ ni ó ń kéré lọ́wọ́ wa. Àwọn òǹkọ̀wé Yorùbá tí ń bọ̀ lẹ́yìn ṣì ní ìtàn adẹ́mu láti kọ, èyí tí yóò ti òkè ọ̀pẹ wo ilẹ̀. Títí di ìgbà náà, ọwọ́ olùkọ́ ni ó wà. Bí a bá tún fẹ́ kọ igba, igbá, ìgbá, ìgbà àti igbà sí ojú pátákó, ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ karùn-ún ní ohun kan lẹ́yìn àmì rẹ̀, kí ọmọ tí ó bá ń pè é lè mọ ẹ̀yìn ta ni ó fara tì í.